Mú Un Wá, Kí N Bá Ẹ Tọ́jú Ẹ̀

Ìyá mi kì í wo fíìmù òyìnbó. Kì í ṣe pé ó kórìíra wọn. Ó ní bí òun bá ń wo ẹnu wọn, etí òun á máa wá ẹni tí yóò túmọ̀, kí ẹni náà sì tó túmọ̀ tán, àwọn tó ń ṣeré á ti kúrò níbẹ̀. Èmi ni olùtúmọ̀ ọ̀hún láti kékeré, mo sì jẹ́wọ́ pé irọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ gígùn tí mi ò gbọ́, màá kàn ní, "Wọ́n ń bú ara wọn ni, Màámi."

Nítorí náà, nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà mi ka orí àpótí níwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Iléyà tó kọjá, tí mo ní ká jọ wo fíìmù kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1921, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ni yóò túmọ̀?" Mo ní kò sí nǹkan tí a fẹ́ túmọ̀, pé kò sẹ́ni tó gbin nínú ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé irọ́ mi tún ti dé. Kò síná láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó sáàárín àwa méjèèjì pẹ̀lú eegun ẹran lọ́wọ́.

Fíìmù náà ni The Kid. Charlie Chaplin ló ronú ẹ̀, òun ló darí ẹ̀, òun ló tún ṣe olórí eré. Eré kúkúrú ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbá a nídìí, kó gbá ẹlòmíràn nídìí, kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín lọ sílé. Èyí ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó darí fúnra ẹ̀, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rín àti ẹkún jọ wà nínú ẹ̀. Òǹkọ̀wé kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ fún un pé kò lè ṣeé ṣe, pé ọ̀kan á ba èkejì jẹ́. Ìyẹn ò tíì bá wọn jókòó níbi òkú àgbà nílẹ̀ Yorùbá rí.

Ìtàn ẹ̀ ò ṣòro. Obìnrin kan bímọ láìní ọkọ. Ó gbé ọmọ náà sínú mọ́tò olówó kan tó wà níwájú ilé ńlá, ó fi ìwé pélébé sí i lára pé kí ẹni tó bá rí i jọ̀wọ́ fẹ́ràn ẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀. Àwọn olè wá gbé mọ́tò lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn, wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn ládùúgbò àwọn tálákà. Ibẹ̀ ni Alárìnkiri, ìyẹn Chaplin fúnra ẹ̀, ti bá a, pẹ̀lú fìlà róbótó rẹ̀, irunmú bíńtín, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ.

Kò fẹ́ ẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí nìyẹn. Ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ obìnrin kan, obìnrin náà fìjà dá a padà fún un. Ó fẹ́ gbé e padà síbi tó ti rí i, ọlọ́pàá yọ sí i. Ó jókòó sétí ọ̀nà, ó ṣí ìdérí ihò gọ́tà, ó wo inú ihò, ó wo ọmọ, ó tún wo inú ihò.

"Háà! O ò gbọdọ̀ dán an wò!" Ìyá mi ti dìde dúró.

Ó pa ihò náà dé. Ìgbà tó rí ìwé pélébé yẹn tó kà á tán ló tó gbà fún orí ẹ̀. Ó gbé ọmọ lọ sí yàrá kan lókè àjà, ó fi ìkòkò kọfí kọ́ òrùlé, ó fi nǹkan mímu ọmọ sẹ́nu ìkòkò, ó dá ihò sí àárín àga kí ọmọ lè rí ibi yàgbẹ́. Màámi ní, "Ẹni tó gbọ́n ni." Lẹ́yìn náà ni ọdún márùn-ún kọjá, Jackie Coogan tó ṣe ọmọ náà sì wọlé.

Bí ẹ ò bá tíì rí ojú ọmọ yẹn rí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe ẹ̀. Kò tó mítà kan ààbọ̀ sókè rárá, fìlà ẹ̀ ti gbó, ṣòkòtò ẹ̀ ya, ojú ẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ti san owó ilé fún ogún ọdún. October 1914 ni wọ́n bí i ní Los Angeles. Bàbá ẹ̀ jẹ́ oníjó orí ìtàgé, ibẹ̀ náà ni Chaplin ti rí i lọ́dún 1919, ní gbọ̀ngàn Orpheum. Bàbá jó tán, ó pe ọmọ jáde kó wá kí èrò. Ọmọ kí èrò tán, òun náà fẹsẹ̀ jó díẹ̀, ó juwọ́ sí wọn, ó sá wọlé. Chaplin lọ sílé, kò lè gbàgbé. Nígbà tó lọ bá bàbá pé òun fẹ́ yá ọmọ náà, bàbá ní kò sí wàhálà, kó máa mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ lé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ iṣẹ́ tí Alárìnkiri àti ọmọ náà ń ṣe nínú fíìmù, torí ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀. Ọmọ ló ń ṣáájú. Ó kó òkúta sápò, ó wòtún, ó wòsì, ó sọ òkò lu fèrèsé dígí onílé, ó sá lọ. Kò pẹ́, Alárìnkiri yọ ní kọ̀rọ̀, ó gbé dígí pọ̀n sẹ́yìn, ó ń rìn bí ẹni tí Ọlọ́run rán wá. Onílé tó ń di orí mú pè é, ó tún fèrèsé ṣe, ó gbowó. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ju apá sẹ́yìn láti sọ òkò, ọwọ́ ẹ̀ ba nǹkan. Ó fi ọwọ́ kàn án wò láìbojúwẹ̀yìn. Aṣọ ọlọ́pàá ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta náà ṣeré bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáyà mú. "Ọmọ yìí gbọ́n ju bàbá ẹ̀ lọ." Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì wo fèrèsé wa bákan. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi ti ka ìtàn Jackie Coogan ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bí èèyàn bá ti kà á, kò tún lè wo òkúta yẹn bó ṣe wò ó tẹ́lẹ̀. Ọmọ ló ń sọ òkò, bàbá ló ń gbowó.

A wo ibi tí Alárìnkiri ti jí láàárọ̀, tó ki orí bọ ihò àárín bùláńkẹ́ẹ̀tì tí bùláńkẹ́ẹ̀tì di aṣọ àlejò. "Agbádá ti dé," ni Màámi wí. A wo ibi tí ọmọ ti ń dín pankéèkì fún àgbàlagbà tó ṣì wà lórí ibùsùn, tó ń bá a wí pé kó dìde wá jẹun. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun tán, a ò mọ ẹni tó ń tọ́ ẹnì kejì.

Lẹ́yìn náà ni ara ọmọ ò yá. Dókítà wá, ó bi Alárìnkiri bóyá òun ni bàbá. Ó mú ìwé pélébé tó ti gbó yẹn jáde. Dókítà lọ fẹjọ́ sun ìjọba, ìjọba sì fi ọkọ̀ ránṣẹ́ láti gbé ọmọ lọ sílé àwọn ọmọ òrukàn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. Ìlú London ni wọ́n ti bí Chaplin lọ́dún 1889. Lọ́dún 1896, nígbà tó di ọmọ ọdún méje, ebi lé òun, ìyá ẹ̀ àti Sydney ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wọ ilé àwọn òtòṣì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Lambeth. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ aláìní ní Hanwell. Orí ìyá náà dàrú níkẹyìn. Nítorí náà ọkọ̀ tó wá gbé Jackie yìí, Chaplin ti wọ irú ẹ̀ rí. Yàrá òkè àjà yẹn, ó ti sùn nírú ẹ̀ rí.

Ohun mìíràn tún wà. Ní July 1919, ìyàwó ẹ̀ Mildred Harris bí ọmọkùnrin fún un. Ọjọ́ mẹ́ta péré lọmọ náà lò láyé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ò tíì lórúkọ, àwọn ti sọ ọ́ ní Norman Spencer, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sójú oórì ẹ̀ ni "Eku Kékeré." Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú tí Chaplin bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ tí yóò bá òun ṣeré. Mo sọ èyí fún ìyá mi nígbà tí mo dá fíìmù dúró díẹ̀. Kò fèsì. Òun náà sin ọmọ kan ṣáájú mi, a kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé wa. Ó kàn ní, "Tẹ̀ ẹ́, kó máa lọ."

Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ju ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ̀bẹ̀, omi ń dà lójú ẹ̀ wàràwàrà. Alárìnkiri bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú, ó gba ojú fèrèsé òrùlé jáde, ó ń sáré láti òrùlé kan sí òmíràn bí ológbò, ó bẹ́ sínú ọkọ̀ tó ń lọ, ó ta òṣìṣẹ́ ìjọba jù sílẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Ìyá mi fi etí ìró nu ojú. Kò sí ohun tí mo túmọ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí ẹkún yẹn? Chaplin fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú títí, ọmọ ò sunkún, inú ẹ̀ ń dùn. Bàbá ẹ̀ ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ó lọ sọ fún ọmọ pé bí kò bá sunkún, òun á mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé àwọn òtòṣì. Ọmọ figbe ta. Chaplin gbé e mọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ọmọ náà sì rọra sọ sí i létí pé òun mọ̀ pé bàbá òun ń ṣeré ni. Ó ṣeé ṣe kó mọ̀. Àmọ́ èmi tí mo ti rí ojú yẹn, mi ò gbà pé ó ti mọ̀ nígbà tí omi kọ́kọ́ bọ́.

Bàbá yìí kan náà wà nínú fíìmù. Lálẹ́, Alárìnkiri àti ọmọ lọ sùn nílé àwọn tálákà tí wọ́n ti ń san kọ́bọ̀ kan lórí ibùsùn. Jàgùdà kan tó sùn nítòsí na ọwọ́ wọ àpò Alárìnkiri, ó sì rí owó kan níbẹ̀ tí Alárìnkiri fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé òun ní. Alárìnkiri gba owó náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì tún mú ọwọ́ jàgùdà padà sínú àpò kó bá òun wá a dáadáa. Bàbá Jackie ló ṣe jàgùdà yẹn.

Àlá ọ̀run tó tẹ̀ lé e, tí gbogbo àdúgbò ti hu ìyẹ́, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ó gùn jù, kò sì bá ìyókù mu. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe áńgẹ́lì tó ń fa ojú Alárìnkiri mọ́ra. Lita Grey lorúkọ ẹ̀. Lọ́dún 1924, nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Chaplin fẹ́ ẹ. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni Chaplin nígbà náà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fi fíìmù sáré.

Kí fíìmù náà tó jáde gan-an, díẹ̀ ló kù kó bọ́. Ìgbéyàwó Chaplin àti Mildred tú ká, Chaplin sì ń bẹ̀rù pé àwọn lọ́yà ìyàwó máa gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù mọ́ dúkìá ẹ̀. Òun àti ayàwòrán ẹ̀ Rollie Totheroh kó ìdì fíìmù sínú agolo kọfí, wọ́n sá lọ sí Salt Lake City, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti gé e, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní January 21, 1921, wọ́n fi hàn ní Carnegie Hall ní New York. Kò pẹ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà fi mọ Jackie Coogan.

Ní ìparí, ìyá ọmọ tó ti di gbajúmọ̀ olórin rí ọmọ ẹ̀, ọlọ́pàá sì fi mọ́tò gbé Alárìnkiri wá sílé ńlá náà. Ọmọ fò mọ́ ọn. Wọ́n wọlé, ìlẹ̀kùn pa dé. Màámi dúró díẹ̀, ó wá béèrè ohun tí mo mọ̀ pé á béèrè: "Ọmọ yẹn dà?"

Mo ní ó kú lọ́dún 1984, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

"Ọlọ́run fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Ó lówó?"

Ó lówó, kò sì lówó. Mo wá sọ ìtàn náà fún un. Lẹ́yìn The Kid, kò sí ọmọ tí òkìkí ẹ̀ kàn tó o. Lọ́dún 1922 ó ṣe Oliver Twist. Wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ta bèbí, fìlà, ẹ̀pà lílọ̀ inú agolo. Lọ́dún 1924 ó rìnrìn àjò láti bá wọn kó oúnjẹ àti aṣọ jọ fún àwọn ọmọ tí ogun sọ di òrukàn ní Ìlà-Oòrùn, wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Póòpù. Nígbà tó dàgbà díẹ̀ tí wọ́n gé irun ẹ̀, ìròyìn ni, wọ́n tiẹ̀ fi ṣe fíìmù. Lẹ́yìn náà òkìkí lọ, bó ṣe ń lọ lórí ọmọdé tó bá hu irun àgbọ̀n.

Ní May 1935, mọ́tò tí òun, bàbá ẹ̀ àti àwọn mẹ́ta mìíràn wà nínú ẹ̀ ṣubú ní California. Òun nìkan ló yè. Ní October ọdún yẹn ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ọjọ́ tó yẹ kó gba owó ẹ̀. Kò sí nǹkan. Ìyá ẹ̀ fẹ́ Arthur Bernstein tó ń bójú tó owó ẹbí. Lọ́dún 1938, Jackie gbé àwọn méjèèjì lọ sí kóòtù. Mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin dọ́là ni wọ́n sọ pé ó ti pa láti kékeré. Ó ti di aṣọ onírun, dáyámọ́ńdì àti mọ́tò. Ìyá náà ò sé ọ̀rọ̀ mọ́nú: ó ní àwọn ò ṣèlérí nǹkan kan fún un, pé gbogbo dọ́là tí ọmọ bá pa kó tó pé ọdún mọ́kànlélógún, ti òbí ẹ̀ ni. Òfin California nígbà náà sì wà lẹ́yìn ìyá. Nǹkan bí 126,000 dọ́là ló bọ́ sí Jackie lọ́wọ́.

"Ìyá ẹ̀?" ni Màámi wí. "Ìyá tó bí i?"

"Ìyá tó bí i."

Ó mi orí. "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Bí òkété bá *dàgbà* ni wọ́n wí."

Mi ò ní pa ọ̀rọ̀ tó dára jù ìyẹn nípa ẹjọ́ Coogan. Àwọn aṣòfin California náà sọ tiwọn lọ́dún 1939, wọ́n ṣe òfin kan tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ Coogan pè títí dòní, pé kí wọ́n ya lára owó ọmọ tó ń ṣeré sọ́tọ̀ fún un. Ihò pọ̀ lára òfin náà. Ọdún 2000 ni wọ́n tó tún un ṣe kó le: owó ọmọ, ti ọmọ ni, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ wọ báǹkì níbi tí ọwọ́ òbí ò lè tó o. Ọgọ́ta ọdún ó lé. Jackie fúnra ẹ̀ ti kú nígbà náà.

Ibì kan wà nínú ìtàn ẹ̀ tó kan àwa náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó di awakọ̀ bàálù aláìlẹ́ńjìnnì, ìyẹn èyí tí bàálù mìíràn máa ń fa lókè tí yóò wá já a sílẹ̀ kó rọra balẹ̀ nínú òkùnkùn. Lóru March 5, 1944, ó wà lára àwọn tó gbé àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Wingate balẹ̀ sínú igbó Bọ́mà, lẹ́yìn àwọn ọ̀tá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bàálù kó àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa lọ bá wọn nínú igbó kan náà, bàtálíọ̀nù kẹfà, ìkeje àti ìkejìlá ti Nigeria Regiment. Ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan wà tí a ń pè ní Bàbá Bọ́mà, tó máa ń kí wa bí ọ̀gá sójà. Màámi rántí ẹ̀. "Àbí wọ́n ríra wọn?" Mo ní ta ló mọ̀, igbó ni.

Nígbà tó tún fojú hàn dáadáa, orí ẹ̀ ti pá, ó ti sanra, ó ń ṣe Uncle Fester nínú The Addams Family lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1964 sí 1966. Mo fi àwòrán ẹ̀ han Màámi. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. "Irọ́ lò ń pa." Lẹ́ẹ̀kan yìí, mi ò parọ́.

A jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbọ̀n mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ Iléyà kan, mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti Èkó wá fi ogún náírà tuntun kan lé mi lọ́wọ́, owó tó tóbi jù nígbà náà. Mo ṣì gbọ́ bó ṣe ń dún. Màámi na ọwọ́: "Mú un wá, kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀." Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ilé ìfowópamọ́ yẹn. Wọ́n mọ ọ̀nà tí owó gbà wọlé níbẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ogún náírà mi yẹn ńkọ́?"

Kò tiẹ̀ bi mí pé èwo. "Èyí tí Bàbá Èkó fún ẹ? O wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé. Bàtà ni. Ìyókù, a fi ra gààrí." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "O sì ti jẹ gààrí yẹn tán, o ti fi ga. Tàbí o fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù?"

A ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé ọmọ mi ti gbé eegun ẹran sílẹ̀. Ó ti na ọwọ́ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ lókè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àbúrò mi fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, èmi sì wí fún un ohun tí wọ́n wí fún mi.

"Dádì, èmi fẹ́ gba tèmi báyìí."

Màámi yí ojú sí mi, ó ń dúró. Mo dákẹ́. Lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ ń fi owó ọ̀hún dún lọ.